Ọwọ́ Tó Dẹ̀ Ní Í Pẹ́ Lẹ́nu Iṣẹ́

Bí òde bá dé láàfin Tìmì Ẹdẹ, ojú gbogbo èèyàn a máa wà lára oníjó àti ẹni tí wọ́n ń kì. Ẹ jẹ́ ká fi àwọn yẹn sílẹ̀ lónìí, ká wo ọwọ́ ẹni tó ń lu ìyáàlù. Ó gbé ìlù rẹ̀ kọ́ èjìká òsì pẹ̀lú ọ̀já tó fẹ̀, tó fi jẹ́ pé gbogbo ara ló ru ẹrù náà, kì í ṣe apá kan ṣoṣo. Ọwọ́ òsì wà lórí ọṣán, ó ń fún un, ó ń dẹ̀ ẹ́, ohùn ìlù ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún mú kọ̀ǹgọ́, ṣùgbọ́n kò fún un pọ̀. Bí kọ̀ǹgọ́ bá ti kan awọ, awọ fúnra rẹ̀ ní í ta á padà, ọrùn ọwọ́ á gbà á, á sì tún dá a padà síbi tó ti wá. Ìgbọ̀nwọ́ rọ̀. Èjìká kò gùn sókè lọ bá etí. Onílù náà lè máa rẹ́rìn-ín, kó máa fi ojú wá ẹni tó fẹ́ ná an lówó, ọwọ́ ń bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ wà. Tirẹ̀ yàtọ̀. Ó fún kọ̀ǹgọ́ pọ̀ débi pé iṣan apá rẹ̀ yọ síta. Eré kò tíì dé ìdajì tí òógùn fi bò ó, tí ọrùn ọwọ́ fi ń dùn ún. Ọ̀gá rẹ̀ kò ní sọ fún un pé kó fi agbára kún agbára. "Dẹ ọwọ́ rẹ" lọ̀rọ̀ tó máa ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀, yóò sì máa sọ ọ́ títí tí yóò fi yé apá ọmọ náà, kì í ṣe etí rẹ̀ nìkan. Àwọn àgbà ní ìlù tó bá dún àdúnjù, yíya ní í ya. Bí ó ṣe rí fún awọ ìlù ló rí fún iṣan ẹni tó ń lù ú.

Ẹdẹ ti ní ọba kan tó mọ èyí láti inú ọwọ́ ara rẹ̀. Ọba Adétóyèṣe Láoyè Kìíní jẹ Tìmì láti 1946 títí tó fi wàjà ní 1975. Àwọn ọba mìíràn a máa gbọ́ ohun tí ìlù ń wí, wọ́n á sì dáhùn. Láoyè a máa lu ìlù fúnra rẹ̀, òkìkí rẹ̀ sì kàn jìnnà nítorí rẹ̀. Ní 1959, ó kọ àpilẹ̀kọ lórí ìlù Yorùbá sínú ìwé àtìgbàdégbà Odù. Akin Euba, tí wọ́n bí sí Èkó ní 1935, tó sì dolóògbé ní 2020, tún mú ọ̀rọ̀ náà dé ìdí dùùrù. Atẹdùùrù ni, olùpilẹ̀ṣẹ̀ orin sì ni. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí dùndún, ìwé ńlá tó kọ lórí rẹ̀ sì jáde ní 1990. Euba ló polongo pé kí ọmọ Áfíríkà máa kọ orin dùùrù lọ́nà tí dùùrù yóò fi máa fọhùn bí ìlù. Ohun tí mo fẹ́ sọ níhìn-ín súnmọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀kan náà: kí ọwọ́ atẹdùùrù mọ ohun tí ọwọ́ onílù ti mọ̀. Àwọn tó lè bá wa là á yé ara wa ni àwọn ọlọ́gbọ́n Ṣáínà àtijọ́ tí wọ́n ń tẹ̀ lé Dao, ìyẹn ọ̀nà tí ayé fúnra rẹ̀ ń tọ̀.

Ní Ẹdẹ òde òní, ọ̀dọ́ tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù kò lóǹkà. Ẹ bá mi wo ọ̀kan nínú wọn lóru ọjọ́ Ẹtì, nígbà ìṣọ́ òru. Irin tí kíbọ́ọ̀dù wà lórí rẹ̀ ga bí ẹni tó lò ó kẹ́yìn ṣe fi í sílẹ̀. Àga rọ́bà funfun tí gbogbo ìjọ ń jókòó lé lòun náà fà wá sídìí rẹ̀. Nítorí pé àga rẹlẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ kíbọ́ọ̀dù, ọrùn ọwọ́ wá ká kò, èjìká sì ní láti gbé apá méjèèjì sókè ní gbogbo òru. Ẹni tó ń darí orin gbé orin láìsọ ohùn tó fẹ́, ọmọ náà na ọrùn síwájú, ó ń fi etí wá a. Lẹ́yìn náà ni wọ́n juwọ́ sí i pé kó máa tẹ̀ ẹ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lábẹ́ àdúrà. Àdúrà sì lè gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò gbọ́ ara rẹ̀ dáadáa, ó wá ń gbá bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ bí ẹni pé agbára ọwọ́ ni yóò mú ohùn jáde, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó wà nídìí míṣà ló dín ohùn rẹ̀ kù. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ọrùn ọwọ́ ń jó o, ẹ̀yìn ọrùn ti gan. Ó fi róòbù pa á, ó ní ó rẹ òun ni. Lọ́jọ́ Àìkú, ó tún wà nídìí rẹ̀.

Kí a lè mọ ibi tí agbára yẹn ń lọ, ẹ jẹ́ ká ṣí inú dùùrù gidi wò. Nǹkan bí 1700 ni Bartolomeo Cristofori ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Florence, ní Ítálì. Bọ́tìnnì 88 ló wà lára ti òde òní, dúdú àti funfun. Bí ìka bá tẹ ọ̀kan, bọ́tìnnì náà kò rì ju nǹkan bíi mìlímítà 10 lọ, ìwúwo bíi gíráàmù 50 sì tó láti mú un lọ sílẹ̀; ẹyin adìẹ wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí iwájú rẹ̀ ṣe ń lọ sílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbé òòlù kékeré kan tí wọ́n fi irun àgùntàn tí wọ́n kì pọ̀ bò lórí sókè sí okùn irin. Ibi tí iṣẹ́ ọgbọ́n wà nìyí: kí òòlù náà tó kan okùn, ẹ̀rọ inú dùùrù á jù ú sílẹ̀. Òun nìkan ni yóò fò parí ìrìn àjò rẹ̀, yóò kan okùn, yóò sì ṣubú padà. Ní àkókò tí a gbọ́ ohùn, ìka kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú òòlù mọ́. Bí èèyàn bá fi gbogbo ara rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì náà mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn, kò lè fi nǹkan kan kún ohùn náà. Ìwọ̀nba tí ìka nílò ni èyí tí kò ní jẹ́ kí bọ́tìnnì dìde, kí ohùn má baà gé. Ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù ìgbàlódé náà kò yàtọ̀: bí bọ́tìnnì ṣe yára rìn sí ni ẹ̀rọ inú wọn ń wọ̀n, kì í ṣe bí a ṣe fún un mọ́lẹ̀ tó.

Níhìn-ín ni ìyáàlù àti dùùrù ti yapa. Onílù tó ń fún ọṣán lẹ́yìn tí kọ̀ǹgọ́ ti kan awọ ń ṣiṣẹ́. Ìfún yẹn ló ń yí ohùn, òun ló ń jẹ́ kí ìlù lè sọ̀rọ̀. Atẹdùùrù tó ń fún bọ́tìnnì lẹ́yìn tí ohùn ti jáde kò ṣiṣẹ́ kankan. Síbẹ̀ iṣan rẹ̀ ń ná agbára, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ń gbà á, èjìká rẹ̀ ń san gbèsè rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní agbára tí kò ṣiṣẹ́ ni olórí ọ̀tá atẹdùùrù. Orin tó le kò burú tó o.

Àwọn ọlọ́gbọ́n Ṣáínà ti rí ọ̀tá yìí tipẹ́tipẹ́. Ìwé méjì ni àwọn tó ń tẹ̀ lé Dao kà sí jù: ti Laozi, tó ní orí 81 kéékèèké, àti ti Zhuangzi, ẹni tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú ìbí Jésù, tí ìwé rẹ̀ kún fún ìtàn àti ẹ̀fẹ̀. Ohun tí wọ́n ń tẹnu mọ́ ni pé gbogbo nǹkan ló ní ọ̀nà tí ó ń gbà rìn. Ẹni tó bá bá ọ̀nà yẹn rìn, agbára díẹ̀ yóò gbé e jìnnà. Ẹni tó bá bá a jà, yóò rẹ̀ ẹ́ kó tó débì kan. Omi ni Laozi fẹ́ràn láti máa tọ́ka sí, nítorí pé kò sí ohun tó rọ̀ tó o, síbẹ̀ òkúta kò lè borí rẹ̀. Ará Ẹdẹ tó mọ Odò Ọ̀ṣun kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà pé ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun a fagbára mú ní í le koko, kò ní kà á sí ìwà ọ̀lẹ. Ẹni tó fẹ̀sọ̀ mú nǹkan ṣáà mú un.

Ìtàn Zhuangzi tó wúlò jù fún wa ni ti Ding, alásè ààfin kan, tó ń kun màlúù níwájú ọba tí wọ́n ń pè ní Wenhui. Ọwọ́, èjìká, ẹsẹ̀ àti orúnkún rẹ̀ ń lọ pọ̀ bí ijó, ọ̀bẹ rẹ̀ ń dún bí orin. Ẹnu ya ọba. Ding wá ṣàlàyé pé alásè tí kò mọṣẹ́ a máa pààrọ̀ ọ̀bẹ lóṣooṣù nítorí pé ó ń fi ṣá eegun. Èyí tó mọ̀ ọ́n ṣe díẹ̀ a máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún. Tirẹ̀ ti lo ọdún 19, ó ti kun ẹgbẹẹgbẹ̀rún màlúù, ẹnu rẹ̀ sì mú bí ẹni pé òní ni wọ́n pọ́n ọn. Kò ní oògùn kankan. Àyè wà láàárín oríkèé àti oríkèé. Ẹnu ọ̀bẹ sì fẹ́lẹ́. Ó kàn ń gba ibi tí àyè wà kọjá ni. Bí ó bá dé ibi tó díjú, kì í fi ipá wọ ibẹ̀. Ṣe ni yóò dúró, yóò tẹjú mọ́ ọn, yóò dẹ ọwọ́, yóò yí ọ̀bẹ díẹ̀, ẹran á sì tú. Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, ọba kò ní òun ti kọ́ bí a ṣe ń kun ẹran. Ó ní òun ti kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú ẹ̀mí.

Ọ̀bẹ Ding ni ọwọ́ atẹdùùrù. Kì í ṣe ohun tí à ń pààrọ̀ lóṣooṣù, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí a lè rà lọ́jà. Àyè tí Ding ń wá nínú màlúù wà nínú ọwọ́ náà. Inú ìka kò ní iṣan tó ń fà á. Àtẹ́lẹwọ́ àti apá, láàárín ìgbọ̀nwọ́ àti ọrùn ọwọ́, ni àwọn iṣan tó ń gbé ìka wà. Okùn tó so wọ́n mọ́ ìka gba inú ọ̀nà tóóró kan kọjá lọ́rùn ọwọ́. Bí ọrùn ọwọ́ bá tọ́, àwọn okùn náà á máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ láìfarapa. Bí ó bá ká kò bí ti ọmọ tó wà lórí àga rọ́bà yẹn, wọ́n á máa ha ara wọn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n á sì wú. Frédéric Chopin, ọmọ Póláǹdì tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní dùùrù ní Paris, mọ èyí láìkà ìwé Zhuangzi. Kì í bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lórí bọ́tìnnì funfun nìkan bí àwọn tó kù. Ó ń fi àwọn ìka gígùn mẹ́ta lé bọ́tìnnì dúdú, kí àtàǹpàkò àti ọmọdinrin wà lórí funfun, nítorí pé bí ọwọ́ ṣe rí nìyẹn bí a bá kàn gbé e lélẹ̀. Ó máa ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé kó jẹ́ kí ó rọrùn, ó sì máa ń kìlọ̀ pé kí wọ́n má fi ju wákàtí mẹ́ta lọ lójúmọ́.

Ẹni tó gbọ́ irú ìkìlọ̀ yìí kéré sí ẹni tí kò gbọ́ ọ. Robert Schumann ti Jámánì fẹ́ di atẹdùùrù ńlá. Ní nǹkan bí 1832, ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, wọ́n sì ṣì ń jiyàn lórí ohun tó fà á títí dòní. Orin kíkọ ló kù fún un, ayé sì rí èrè ìyẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ fẹ́ nìyẹn. Alexander Scriabin ti Rọ́ṣíà ba ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jẹ́ ní 1891 níbi tó ti ń fi orin Liszt tó le gan-an dánra wò. Nígbà tó di 1894, ó ti kọ orin méjì tí ọwọ́ òsì nìkan lè tẹ̀. Èyí tó gún mi lọ́kàn jù ni ti Leon Fleisher, ọmọ Amẹ́ríkà. Ní 1964, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 36, ìka méjì ìparí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ká wọ inú àtẹ́lẹwọ́ láìṣe pé ó pàṣẹ fún wọn. Dystonia ni wọ́n ń pe àrùn náà: kì í ṣe pé ìka ti kú, ọpọlọ ló ti da àṣẹ ìka kan pọ̀ mọ́ ti èkejì. Fún ọgbọ̀n ọdún, ó ń kọ́ni, ó ń darí ẹgbẹ́ olórin, ó ń tẹ orin ọwọ́ òsì. Àárín ọdún 1990 sí 2000 ló tó rí ìtọ́jú tó dá ọwọ́ náà padà díẹ̀díẹ̀, ó sì gbé àwo orin ọlọ́wọ́ méjì jáde ní 2004. Ó dolóògbé ní 2020 lẹ́ni ọdún 92.

Ọkàn náà ní ọgbẹ́ tirẹ̀. Ẹdẹ, ìlú tí Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná tẹ̀dó, yóò mọ rírì ìtàn mìíràn tó wà nínú ìwé Zhuangzi, ti Liezi tó mọ ọfà í ta. Liezi fa ọrun débi tí ó lè fà á dé, ó gbé ife omi lé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó ta ọfà tọ ọfà, omi kò dà. Ẹni tó ń wò ó kò yìn ín. Ó mú un gun orí òkè gíga, ó fi ẹ̀yìn rìn dé etí ọ̀gbun títí ìdajì ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wà lófuurufú, ó wá ní kí Liezi máa bọ̀ wá ta ọfà níbẹ̀. Liezi dojú bolẹ̀, òógùn rẹ̀ ṣàn dé gìgísẹ̀. Ọrun kò yí padà, ọwọ́ kò yí padà. Ibi tó dúró sí ló yí padà.

Gbogbo ẹni tó bá ti tẹ orin kan láìṣìṣe nílé, tó wá ṣì í níwájú ìjọ tàbí níwájú àwọn tó ń dán an wò, ti gun òkè Liezi. Ọkàn rí ewu, ara wá múra ìjà tàbí ìsáré: ẹ̀jẹ̀ á fi ìka sílẹ̀, ìka á tutù, èémí á gùnkè wá sí àyà. Zhuangzi gbà pé èémí ọlọ́gbọ́n a máa jinlẹ̀ dé gìgísẹ̀, tí ti àwa yòókù kì í kọjá ọ̀fun. A lè fi ìyẹn ṣe ẹ̀rín, ṣùgbọ́n ó ṣe é dán wò lórí àga. Ẹni tó bá jẹ́ kí ẹsẹ̀ méjèèjì fìdí mọ́lẹ̀, tó mí jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ju bó ṣe mí wọlé lọ, tó ṣe bẹ́ẹ̀ bí ìgbà mélòó kan kó tó gbé ọwọ́ sókè, yóò rí i pé èjìká fúnra rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀.

Ohun tó jinlẹ̀ ju èémí lọ wà nínú ìtàn Qing, gbẹ́nàgbẹ́nà tó gbẹ́ òpó tí wọ́n ń fi agogo orin kọ́. Òpó náà rẹwà débi pé àwọn èèyàn rò pé iṣẹ́ iwin ni. Qing ní kí òun tó mú àáké, òun a máa gbààwẹ̀ kí ọkàn òun lè parọ́rọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, òun kò ronú owó àti oyè mọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, ìyìn àti èébú ti kúrò lọ́kàn òun. Ní ọjọ́ keje, òun ti gbàgbé pé òun ní apá àti ẹsẹ̀. Ìgbà yẹn ni òun tó wọ igbó lọ wo igi. Ẹ kíyè sí ètò tó tẹ̀ lé: owó ló kọ́kọ́ lọ, ìyìn tẹ̀ lé e, ara ló kẹ́yìn. Ẹni tó ń bá ìka rẹ̀ tó ń gbọ̀n jà láìtíì bọ́ lọ́wọ́ ohun tí àwọn èèyàn yóò sọ ti bẹ̀rẹ̀ láti ìparí.

Sergei Rachmaninoff mọ bí ìyẹn ti ń dun èèyàn tó. Ní 1897, wọ́n ta symphony rẹ̀ àkọ́kọ́ nù ní St Petersburg, ọkàn rẹ̀ bàjẹ́, nǹkan bí ọdún mẹ́ta kọjá tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ orin kankan. Ní 1900, ó lọ sọ́dọ̀ dókítà kan tó ń jẹ́ Nikolai Dahl, ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ àti ìtura tọ́jú aláìsàn. Ó tún gbé bírò. Concerto kejì tó kọ fún dùùrù, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí, Dahl ló fi í ta lọ́rẹ. Kò sí ìtìjú nínú kí atẹdùùrù wá ẹni tó mọ̀ nípa ọkàn.

Afárá láti Laozi dé ìdí dùùrù kì í ṣe èyí tí èmi nìkan ń tẹ́. Zhu Xiao-Mei, obìnrin atẹdùùrù tí wọ́n bí ní Shanghai ní 1949, ti rìn ín kọjá. Nígbà rògbòdìyàn tí Mao, olórí Ṣáínà, dá sílẹ̀, wọ́n kó o lọ sí àgọ́ iṣẹ́ àṣekára fún nǹkan bí ọdún márùn-ún. Dùùrù jẹ́ ohun ẹ̀ṣẹ̀ nígbà yẹn. Lẹ́yìn náà, ó kọjá sí Amẹ́ríkà, ó sì fìdí kalẹ̀ sí Paris, níbi tí òkìkí rẹ̀ ti kàn fún orin Goldberg tí Bach kọ. Ní ilẹ̀ òkèèrè yẹn ló tún padà ka Laozi, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀, tó jáde lédè Faransé ní 2007, bí ọgbọ́n omi yẹn ṣe ràn án lọ́wọ́ nídìí Bach. Ẹni tí wọ́n ti fi agbára mú ayé rẹ̀ pátá ló rí i pé ohùn dùùrù kò ṣe é fi agbára mú.

Báwo lèyí ṣe máa wọ ilé? Kí àga kọ́kọ́ ga tó: ìgbọ̀nwọ́ ní láti wà ní déédéé ojú bọ́tìnnì tàbí kó fi díẹ̀ ga jù ú lọ; bí àga rọ́bà méjì tí a kì bọ ara wọn bá lè ṣe é, ó tó. Kí ọwọ́ máa gbóná lórí ohun tó rọrùn kó tó kan èyí tó le. Kí èèyàn máa dìde lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 tàbí 30, kó na ara, kó rìn. Ibi tó díjú nínú orin, kí ó ṣe bí Ding: kó dúró, kó wò ó, kó tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó má fi ìyára wọ́ ọ kọjá. Lẹ́yìn bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, kó bi ọwọ́ rẹ̀ léèrè bóyá ó ti dẹ̀, nítorí òòlù ti lọ. Àárẹ̀ tí oorun mú kúrò kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá ń kú tàbí tó ń ta wọ́nwọ́n lóru, bí ìka bá ń ká láìṣe pé a pàṣẹ fún un, bí ìrora bá ṣì wà lọ́jọ́ kejì, róòbù ti tán níbẹ̀. Ilé ìwòsàn àti àwọn tó ń ṣe físíò ló kàn.

Ibì kan wà tí ọgbọ́n Laozi kò dé. Onílù Ẹdẹ kì í dá ṣiṣẹ́: bí ìyáàlù bá sinmi, àwọn omele ń bá eré lọ, èrò ń jó, owó ń wọlé. Ọmọ tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù dá wà, kò sí ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀ láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí di ìdájí, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀. Ẹni tí kò sùn tó, tí kò jẹun tó, èémí gìgísẹ̀ kò lè gbà á. Ìjọ tó fẹ́ kí orin rẹ̀ dùn ní láti wá atẹdùùrù méjì tí yóò máa gba ara wọn, kó ra àga gidi, kó gbé sípíkà kékeré kan síwájú ọmọ náà kó lè gbọ́ ara rẹ̀. Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ ìjọ nìyẹn, kì í ṣe ti Dao.

Ìkìlọ̀ kan ló kù, ọ̀dọ̀ Zhuangzi fúnra rẹ̀ ló sì ti wá. Ní 1973, wọ́n hú àwòrán kan jáde nínú ibojì kan ní Mawangdui, ní Changsha, èyí tí wọ́n ti dí láti ọdún 168 ṣáájú ìbí Jésù. Èèyàn 44 ló wà lórí aṣọ sílíìkì náà, wọ́n ń na apá, wọ́n ń tẹ̀ ba, ìlera ni wọ́n ń wá. Irú eré ara bẹ́ẹ̀ wà láyé Zhuangzi náà, ó sì fi àwọn tó sọ ọ́ di gbogbo iṣẹ́ wọn ṣe yẹ̀yẹ́: wọ́n ń mí wọlé, wọ́n ń mí jáde, wọ́n ń na ara bí béárì àti bí ẹyẹ, nítorí kí wọ́n sáà lè pẹ́ láyé. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá bá ọ̀nà rìn yóò rí ẹ̀mí gígùn láìlé e. Ding kò jókòó máa tọ́jú ọ̀bẹ. Màlúù ló ń kun, ọ̀bẹ wá pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, kí atẹdùùrù má sọ ìsinmi di ẹrù tuntun tí yóò tún fi èjìká líle rù. Orin ni kó gbájú mọ́, kó gbọ́ ohùn kọ̀ọ̀kan dé òpin, kó sì fi agbára tí ohùn náà kò béèrè sílẹ̀.